Ìwàásù Inú Ẹ̀rín: Osofo Dadzie àti Ọ̀rọ̀ Ìlú Lórí Tẹlifíṣọ̀n Gánà

Osofo ni àwọn Akan ń pe àlùfáà. Osofo Dadzie sì ni orúkọ ẹgbẹ́ eléré tó ń fi èdè Akan ṣe eré lórí tẹlifíṣọ̀n GBC, ilé iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ Gánà, láti Accra ní àwọn ọdún 1970 títí wọ àwọn ọdún 1980. Super O.D., ìlú-mọ̀-ọ́n-ká aláwàdà, wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n ń fi dẹ́rìn-ín pa ènìyàn, wọn a sì fi ẹ̀kọ́ kádìí rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn kan gbà pé ẹ̀rín ni ọjà tí wọ́n ń tà, pé ẹ̀kọ́ náà kàn jẹ́ ènì. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwàdà àti ẹ̀wù àlùfáà tó wà nínú orúkọ wọn ló jọ la ẹnu aráàlú. Ẹ̀wù yẹn kan náà ló sì pààlà sí ohun tí ẹnu lè sọ.

Orírun eré yìí ni concert party, eré alárìnkiri ilẹ̀ Gánà tí Catherine Cole kọ ìwé lé lórí ní 2001. Àwọn eléré a kun ẹnu ní funfun; ọ̀kan a di ọmọ òrukàn tí ìyà ń jẹ. Bí ó bá ti ń sunkún, òǹwòran a dìde, a gun orí ìtàgé, a sì fi owó lé e lọ́wọ́. Pípa ìwàásù pọ̀ mọ́ eré kò ṣàjèjì sí Yorùbá: eré ìjọ Ọlọ́run ni eléré Hubert Ogunde fi bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1944.

Ìjọba ló ni tẹlifíṣọ̀n Gánà láti 1965 tó ti bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ìjọba ológun Acheampong, láàárín 1972 sí 1978, ọjà wọ́n bí ojú, àwọn ènìyàn sì sọ èrú àti ìkójàpamọ́ ní kalabule. Ta ni yóò bá aláṣẹ wí lórí ẹ̀rọ aláṣẹ? Àwọn Akan ní akutia, òkò ọ̀rọ̀ tí a sọ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, tí ẹni tó kàn sì mọ̀. Aláwàdà lè sọ ọ́, nítorí eré ni; àlùfáà lè sọ ọ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ìwàásù máa ń wá. Òfin tó de iye owó ọjà, àti ìwé àṣẹ ìkójàwọlé tó wà lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀, wà nídìí kalabule. Òfin kò sì ṣeé kùn lẹ́nu ní funfun. Ojú olójúkòkòrò ló ṣeé fi hàn. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà rí lára ìyá ọlọ́jà nígbà tí wọ́n wó ọjà Makola ní Accra ní August 1979. Ọjà wó, ọ̀wọ́n kò wó. Ẹni tó bá sì ṣí aṣọ lójú ọ̀rọ̀ mọ iye tó ń ná an: ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà fòfin de Ogunde lẹ́yìn eré Yorùbá Ronú ní 1964.

Nínú àwọn fíìmù Gánà tó gbòde lẹ́yìn ìgbà Osofo Dadzie, bí ìwádìí Birgit Meyer (2015) ti fi hàn, Sátánì àti ẹ̀mí òkùnkùn ló gba ipò olójúkòkòrò. Àdánù ńlá ni mo ka èyí sí. Sátánì kì í ṣe aládùúgbò ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí ẹni tó rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Òǹwòran tó fi owó lé ọmọ òrukàn lọ́wọ́ mọ̀ pé eré ni. Síbẹ̀, ó dìde, nítorí ó mọ ilé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní àdúgbò rẹ̀.