Àtẹ Tó Ní Àlàfo: Ìtàn Ìṣirò Ráǹkì Kékeré láti 1904 dé 2010

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lónìí pé níbo ni ìṣirò tí a fi ń dí àlàfo inú àtẹ nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò dárúkọ Netflix àti ọdún 2006. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó gé ìtàn náà kúrú ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ bí ìṣòro náà, ní ọdún 1904. Àríyànjiyàn kan sì bá a wáyé: bí àtẹ nọ́ńbà tí a gbà láti ara ènìyàn bá rọrùn, kí ni ó tọ́ kí a sọ nípa àwọn ènìyàn náà fúnra wọn? Àríyànjiyàn yẹn kò tíì kúrò nílẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ráǹkì jẹ́. Ẹ wo àtẹ ìsọdipúpọ̀ tí a kọ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti orí 1 dé orí 10. Ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà kejì kò ju ìlà kìn-ín-ní ní ìlọ́po méjì lọ, ìlà keje sì jẹ́ ìlà kìn-ín-ní kan náà ní ìlọ́po méje. Ìlà kan ṣoṣo ni ó dá dúró. Ara rẹ̀ ni gbogbo èyí tó kù ti ṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò a máa sọ pé ráǹkì irú àtẹ bẹ́ẹ̀ jẹ́ 1. Bí eku bá jẹ ìwé náà, tí ó ku ìlà kan àti òpó kan péré, ọmọ tó gbọ́n yóò dí gbogbo àlàfo yòókù láìṣì. Bí ó bá ṣe pé ìlà méjì ni a ń pò pọ̀, ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, kí a tó rí àwọn ìlà yòókù, ráǹkì yóò jẹ́ 2; bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Mo ronú láti pe ráǹkì ní "ipò", ṣùgbọ́n mo jáwọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé ipò a máa mú ọkàn ẹni lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ga ju ẹni lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé iye ohun tó dá dúró ni ọ̀rọ̀ yìí ń kà. Síbẹ̀, bí a ó ti rí i, títo ènìyàn sípò kò jìnnà sí ìtàn náà.

Charles Spearman ti ṣe ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó yà sídìí ìmọ̀ sàíkọ́lọ́jì. Nínú àròkọ tí ó tẹ̀ jáde ní 1904, ó kó máàkì àwọn ọmọ iléèwé jọ nínú ẹ̀kọ́ bíi Látìn òun Gíríìkì, Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti orin, ó sì ṣírò bí ẹ̀kọ́ méjì-méjì ṣe ń bá ara wọn rìn: ṣé ọmọ tó mókè nínú èyí a máa mókè nínú ìyẹn? Àtẹ tí ó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí àtẹ ìsọdipúpọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan sún mọ́ kí ó jẹ́ ìlà mìíràn tí a sọ di púpọ̀ tàbí tí a dín kù. Spearman parí èrò sí pé ohun kan ṣoṣo, tí ó pè ní g, ni ó wà lẹ́yìn gbogbo máàkì náà, àti pé bí g bá ti pọ̀ tó nínú ọmọ ni làákàyè rẹ̀ ṣe tó.

Ohun kan wà nínú àtẹ Spearman tí ó yẹ kí a dúró lé lórí. Ní ìlà tó lọ láti igun dé igun, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan pàdé ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan a máa bá ara rẹ̀ rìn délẹ̀délẹ̀, nítorí náà 1 ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ 1 síbẹ̀, àtẹ náà kò rọrùn mọ́, nítorí pé nínú 1 yẹn ni ohun tó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ náà nìkan wà, tí kò bá èkejì pín. Ó di dandan kí a fi àwọn ààyè wọ̀nyẹn sílẹ̀ lófìfo, kí a sì wá nọ́ńbà tí yóò mú kí ráǹkì kéré jù lọ bí a bá fi dí wọn. Ìṣòro dídí àlàfo gan-an nìyẹn, bí a ti ń kọ́ ọ ní yunifásítì lónìí. Àlàfo Spearman kàn wà lójú ìlà kan ni, nígbà tí tiwa fọ́n káàkiri.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ìka tọ́ ibi tí èrò Spearman kò ti dúró ṣinṣin ni Godfrey Thomson. Ní 1916, ó da dáìsì, irú èyí tí à ń dà nínú ayò lúdò, ó sì fi iye tó jáde ṣe máàkì ìdánwò àtọwọ́dá. Ó ṣètò rẹ̀ kí àwọn ìdánwò kan lè pín dáìsì kan náà láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí dáìsì kankan tó wọ inú gbogbo wọn. Kò sí g níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ọ, ó sì mọ̀. Síbẹ̀ àtẹ tí ó jáde jọ ti Spearman. Ohun tí Thomson fi hàn ni pé ráǹkì kékeré lè ti ara ohun kan ṣoṣo wá, ó sì lè ti ara àìmọye ohun kéékèèké tó ń ṣe àdàlù wá. Àtẹ náà nìkan kò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ fún wa. Lójú tèmi, kò sí àròkọ tó ṣe pàtàkì tó èyí nínú ìtàn yìí, ó sì ṣeni láàánú pé àwọn tó ń kọ́ ìṣirò ráǹkì kékeré kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àtẹ tí ráǹkì rẹ̀ jẹ́ 1 ni ó ń fún ènìyàn ní àyè láti to àwọn ọmọ sórí ìlà kan ṣoṣo, láti orí ẹni tó mókè dé ẹni tó kẹ́yìn. Thomson fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí ó dé Edinburgh, ni ó darí ṣíṣe àwọn ìdánwò Moray House, tí a lò káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti pinnu ọmọ tí yóò lọ sí iléèwé gírámà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọkùnrin tó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé nọ́ńbà kan kò fi dandan túmọ̀ sí ohun kan ni ó ṣe irinṣẹ́ tó ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan.

Ní Chicago, Louis Thurstone sọ pé ohun kan kò tó, ó yẹ kí ó jẹ́ mélòó kan. Ìwé àtìgbàdégbà Psychometrika bẹ̀rẹ̀ ní 1936, ọdún yẹn kan náà ni Carl Eckart àti Gale Young sì tẹ ìlànà jáde nínú rẹ̀ fún wíwá àtẹ ráǹkì kékeré tó sún mọ́ àtẹ èyíkéyìí jù lọ. Gbogbo àtẹ ni a lè tú sí ìpele-ìpele, tí ráǹkì ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1, tí nọ́ńbà kan sì ń fi agbára rẹ̀ hàn. Beltrami ti mọ èyí ní 1873, Jordan sì mọ̀ ọ́n ní 1874. Ẹni tó bá fẹ́ ráǹkì 3, kí ó mú ìpele mẹ́ta tó lágbára jù, kí ó da ìyókù nù. Ó rọrùn, ó sì pé. Ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí àtẹ kò bá ní àlàfo.

Ẹni tó dojú kọ àlàfo náà ni Walter Ledermann, ọmọ Berlin tó sá kúrò ní Jámánì lábẹ́ ìjọba Násì, tó sì di olùrànlọ́wọ́ Thomson ní Edinburgh. Ní 1937 ó ṣírò bí ráǹkì ṣe lè kéré tó kìkì nítorí pé a ní òmìnira láti kọ ohun tó wù wá sójú ìlà igun-dé-igun. Bí ìdánwò bá jẹ́ 6, òmìnira yẹn ti tó láti jẹ́ kí a máa retí ráǹkì 3. Ó di ìgbà tí ó bá wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó lè sọ pé àtẹ náà ń sọ nǹkan fún wa. Nígbà tí ó fi máa di 1940, ó ti yẹ àbá mìíràn wò: dípò kí a máa wá ráǹkì tó kéré jù, ṣé a kò lè wá àròpọ̀ ìlà igun-dé-igun tó kéré jù? Ó rí i pé àwọn méjèèjì kì í fi gbogbo ìgbà bára mu, ọ̀rọ̀ sì rọlẹ̀ síbẹ̀.

Ọgọ́ta ọdún kọjá. Kọ̀ǹpútà dé, Golub àti Kahan kọ́ ọ ní bí a ti ń tú àtẹ sí ìpele ní 1965. Ní 2002, Maryam Fazel parí iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, àbá inú rẹ̀ sì jẹ́ ti Ledermann tí a fẹ̀ kí ó lè gba gbogbo irú àtẹ: dípò kí a ka iye ìpele, kí a ro agbára wọn pọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé iye ìpele a máa fò láti 3 sí 4 lójijì, kò sí ìdajì láàárín. Wíwá èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ dà bí wíwá ibi tó jìn jù lórí pápá tó kún fún kòtò. Ṣùgbọ́n àròpọ̀ agbára dà bí inú abọ́. Ibi yòówù kí ènìyàn ti ju bílíkì sínú abọ́, ìsàlẹ̀ kan náà ni yóò yí dé.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2006, Netflix, tó ń fi fíìmù ránṣẹ́ sí àwọn ará Amẹ́ríkà nínú àpò lẹ́tà nígbà náà, kéde ẹ̀bùn mílíọ̀nù kan dọ́là. Ó gbé àtẹ kan síta: oníbàárà 480,189, fíìmù 17,770. Ààyè tó lé ní bílíọ̀nù 8.5 ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kìkì bíi mílíọ̀nù 100 ni ó ní nọ́ńbà, ìyẹn ìdá 1.2 nínú 100. Ìyókù, àlàfo ni. Ní oṣù Kejìlá, ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Simon Funk ṣàlàyé fún gbogbo ayé bí ó ti ń dí i. Ká ní ohun 40 péré ni ó ń pinnu ohun tí ènìyàn fẹ́ràn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 nọ́ńbà ni a ní láti wá, kì í ṣe bílíọ̀nù 8.5. Ìbéèrè Spearman ni ó padà wá yìí, láìsí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ní 2009, Emmanuel Candès àti Benjamin Recht fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé ọ̀nà àròpọ̀ agbára a máa dá àtẹ padà gẹ́lẹ́, láti inú ìwọ̀nba nọ́ńbà díẹ̀, bí ohun méjì bá rí bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, kí àwọn ààyè tí a rí nọ́ńbà wọn jẹ́ èyí tí a ṣà bí ìgbà tí a ń ṣẹ́ kèké. Èkejì, kí ohun tó wà nínú àtẹ tàn ká orí gbogbo ìlà, kí ó má ṣe kóra jọ sójú kan. Bí àtẹ bá jẹ́ òdo látòkè délẹ̀ àyàfi ààyè kan ṣoṣo, ráǹkì rẹ̀ jẹ́ 1, ṣùgbọ́n kò sí ìṣirò kankan tó lè bá wa rí ààyè yẹn bí a kò bá fi ojú ara wa rí i.

Kò sí èyí tí àtẹ Netflix mú ṣẹ pátápátá. Àwọn oníbàárà kò ṣẹ́ kèké. Ohun tó wù wọ́n ni wọ́n wò. Ní ti èkejì, ẹ jẹ́ kí a ro ti ọmọ Yorùbá kan ní Houston, tó jẹ́ pé eré àgbéléwò ilé ni ó ń wò, tí ó sì fẹ́ràn wọn lọ́nà tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni nínú àtẹ. Ìpele tirẹ̀ yóò wà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ yóò kéré, inú ohun tí a dà nù ni yóò sì bọ́ sí. Ìlànà náà kò ṣe é ní ìkà. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá yí padà ni Yunifásítì Texas ní Austin. Arvind Narayanan àti Vitaly Shmatikov kò dí àlàfo kankan. Wọ́n béèrè bí ó ti le tó láti mọ ẹni tó ni ìlà kan, nígbà tí a ti yọ orúkọ kúrò. Wọ́n fi hàn ní 2008 pé ẹni tó bá mọ fíìmù 8 tí ènìyàn ṣe ìdájọ́ lé lórí, bí 2 nínú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ àṣìṣe, tí ó sì mọ ọjọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì síwá sẹ́yìn, lè dá ìlà 99 mọ̀ yàtọ̀ nínú 100. Inú àtẹ kan náà tí àwọn olùdíje ti ń rí bí ènìyàn ṣe jọra ni èyí ti jáde. Ohun 40 tó láti sọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa wa. Fíìmù 8 tó láti dá wa mọ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, àwọn tó pe ara wọn ní BellKor's Pragmatic Chaos gba ẹ̀bùn náà. Kí ọdún náà tó parí, ìyá kan ní Amẹ́ríkà, tí kò dárúkọ ara rẹ̀, wà lára àwọn tó pe Netflix lẹ́jọ́, nítorí pé fíìmù tí ó ń wò lè tú àṣírí irú ẹni tí òun ń fẹ́ síta. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, ilé iṣẹ́ náà kéde pé ìdíje kejì tí òun ti ṣèlérí kò ní wáyé mọ́. Ṣùgbọ́n ìlànà títú àtẹ sí ìpele, tí ìdíje náà ti fi lé e lọ́wọ́ láti 2007, ó ṣì ń sọ ní 2012 pé òun ń lò ó.