Èèpo Ẹ̀gẹ́ Di Oúnjẹ Ẹran

Èèpo ẹ̀gẹ́ táwọn onígàrí ń dà sí ààtàn, owó ni o! Béèyàn bá kàn sá a bẹ́ẹ̀, ó máa ń tó ọjọ́ 2 sí 3 kó tó gbẹ. Bó bá sì bu, ó lè pa ẹran. Ìdí nìyí táwọn onímọ̀ ILRI àti IITA n'Ìbàdàn fi gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀: ẹ rin èèpo náà ní tútù, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wá sá a. Oòrùn wákàtí 8 ti tó o. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù máa ń di bíi tọ́ọ̀nù 1. Èyí tó kúnná wà fún adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀, yóò sì dín àgbàdo olówó gọbọi kù; èyí tí kò kúnná wà fún ewúrẹ́ àti màlúù.