Ìwádìí sáyẹ́ǹsì àjọṣe: owó ìjọba òkèèrè àti ohun tí iṣẹ́ Ìbàdàn kọ́ni

Ìwádìí sáyẹ́ǹsì àjọṣe ni iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ orílẹ̀-èdè méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pawọ́ pọ̀ ṣe, tí ìjọba kan tàbí púpọ̀ nínú wọn sì ń náwó sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé owó àánú ni, nígbà tó bá ti òkèèrè wọ Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba tó ń san owó náà ń wá ìmọ̀ tí kò lè rí nínú ilé ara rẹ̀ ni. Iṣẹ́ tí Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana jọ ṣe lórí àrùn tó ń mú kí àgbàlagbà máa ṣarán jẹ́ ẹ̀rí èyí.

Ọdún 1992 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ìwádìí ìlera, ló gbé owó rẹ̀ kalẹ̀ nípasẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ tó wà fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ló ṣáájú ní ìlú Indianapolis, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, àgbà oníṣègùn ọpọlọ, ló sì ṣáájú ní Ìbàdàn. Nígbà tí Ọ̀ṣúntókun di olóògbé ní ọdún 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró.

Ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ dáhùn kò ṣòro láti lóye. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti wá, ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn, iṣẹ́ wọn àti àyíká wọn ti yàtọ̀ sí ti àwọn ará Ìbàdàn. Bó bá jẹ́ pé ohun àjogúnbá nìkan ló ń fa àrùn náà, ó yẹ kí iye tó ń mú níhà méjèèjì sún mọ́ra. Onímọ̀ tó bá jókòó sí Indianapolis nìkan kò lè rí ìdáhùn.

Ní àdúgbò Ìdíkàn, àwọn olùwádìí ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń bá àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, nítorí náà ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn tí wọ́n rántí ni wọ́n fi ṣírò ọjọ́ orí wọn. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n lò ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán wò láàárín ẹ̀yà Cree ní ìpínlẹ̀ Manitoba, ní Kánádà. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá, wọ́n sì tún un ṣe kí ẹni tí kò mọ̀wé má baà di ẹni tí wọ́n kà sí aláìsàn. Wọ́n tún ń bi àwọn ẹbí léèrè bí bàbá tàbí ìyá náà ti ń ṣe nínú ilé lójoojúmọ́.

Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2001 ya ọ̀pọ̀ onímọ̀ lẹ́nu. Nínú 1,000 àgbàlagbà, nǹkan bí 13 ni àrùn náà ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, nǹkan bí 32 ni. Bákan náà, àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tó ń mú kí àrùn Alzheimer tètè bá àwọn aláwọ̀ funfun, wọ́pọ̀ lára Yorùbá, síbẹ̀ kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lára wọn. Láti ìgbà náà ni àfiyèsí ti túbọ̀ yí sí ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti irú oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ. Ìmọ̀ yìí wúlò fún àwọn arúgbó Amẹ́ríkà tó san owó náà gẹ́gẹ́ bó ti wúlò fún ará Ìdíkàn.

Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn láti gbà. Àwọn olùwádìí yóò kọ àbá wọn. Àwọn onímọ̀ mìíràn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò fún un ní máàkì, ìgbìmọ̀ mìíràn yóò sì tún gbé e yẹ̀ wò. Ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣèwádìí lára wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ní orílẹ̀-èdè méjèèjì. Títí di ọdún 2025, nígbà púpọ̀, yunifásítì ti Amẹ́ríkà ló máa ń gba owó, òun ló sì máa ń pín in fún alájọṣe rẹ̀.

Ètò H3Africa, tí NIH àti àjọ Wellcome Trust ti Ìlú Ọba fi owó ràn lọ́wọ́ láàárín ọdún 2012 sí 2022, gbìyànjú láti yí èyí padà. Àwọn onímọ̀ Áfíríkà fúnra wọn ló ṣáájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn darí ìwádìí lórí àrùn rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà. Ilé ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí sì dìde ní Àbújá, kí gbogbo rẹ̀ má baà máa lọ sí òkèèrè.

Síbẹ̀, ẹni tó di àpò mú ló lè dì í pa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2025, NIH kéde pé òun dá owó tuntun tí ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ń pín fún alájọṣe òkèèrè dúró títí ètò mìíràn yóò fi wà, nítorí pé ó ṣòro láti tọpa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni láti ìgbà Àdéhùn Èkó ti ọdún 1980 ni àwọn olórí Áfíríkà ti ń ṣèlérí láti máa ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé wọn sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Wọ́n tún ìlérí náà ṣe ní Addis Ababa ní ọdún 2007. Nàìjíríà kò tíì mú un ṣẹ.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tiwa gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àgbàlagbà tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò fún láti ọdún dé ọdún kò lè dúró de ìgbà tí owó ẹlòmíràn yóò tún jáde.