Àwọn Ilé Sinimá Àdúgbò ní Èkó

Oríta kan wà ní Agége tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Pen Cinema. Orúkọ yìí ni àwọn tí ń gba owó ọkọ̀ ń ké láti òwúrọ̀ di alẹ́. Òun ni àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń júwe ilé wọn fún àlejò. Òun náà ni a sì fi pe afárá ńlá tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí síbẹ̀ ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ó sì ní kí a fi sinimá náà han òun kí òun lè wọlé wòran, a ó wò ó bí ẹni tí ń wá ẹyin àkùkọ. Bákan náà ni ọ̀ràn rí ní Yaba, níbi tí ibùdókọ̀ kan ti ń jẹ́ Casino láti ara ilé sinimá tí ó ti wà níbẹ̀ rí. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ kò mọ ohun tí orúkọ náà dúró fún. Nítorí wọn ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a sọ bí àwọn ilé wọ̀nyí ti ṣe dé, bí wọ́n ti ṣe lọ, àti ibi tí a lè wò kí a tó sọ pé wọ́n ti parun pátápátá.

Sinimá kò bá ilé tirẹ̀ wọ Èkó. Gbọ̀ngàn ìrántí Glover ni ó kọ́kọ́ dé sí bí àlejò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Balboa, tí ó ti Barcelona ní ilẹ̀ Spéìn wá, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ nínú gbọ̀ngàn náà, àwọn ará Èkó sì rí ènìyàn tí ń rìn lára aṣọ. Kí ọdún náà tó parí, oníṣòwò òyìnbó kan, Stanley Jones, ti gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ní ibi kan náà. Nígbà tí Aláké Gbádébọ̀ sì lọ sí ìlú òyìnbó ní ọdún 1904, tí a ya àwòrán ìrìn àjò rẹ̀, tí a sì gbé e wá fi hàn ní Glover, ńṣe ni èrò wọ́ lọ síbẹ̀ bí omi. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí èyí díẹ̀. Ọba ti ara wọn lórí ilẹ̀ àjèjì ni àwọn baba wa sáré lọ wò. Ẹni tí ó bá fi ará ilé han ará ilé kò ní pàdánù owó iná rẹ̀; èyí ti hàn gbangba láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó nǹkan bí àádọ́rin ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fi í ṣòwò dáadáa.

Ìjọba pẹ̀lú rí agbára tí ó wà nínú àwòrán. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó, òṣìṣẹ́ ìlera kan, William Sellers, fi sinimá kọ́ àwọn ará ìlú bí a ti ń pa eku run. Òun kan náà ni ó wá di olórí ẹ̀ka sinimá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní ọdún 1939 fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ ẹ̀ka náà a sì máa gbé àwòrán láti ìlú dé ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a ń sọ. Ilé sinimá àdúgbò jẹ́ ti ẹni tí ó san owó ara rẹ̀ láti wo ohun tí ó wù ú, kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn rò pé ó yẹ kí ó wò.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Rex tí a ṣí ní Èbúté Mẹ́tta ní ọdún 1937. Khalil, ọmọ ilẹ̀ Síríà, ni ó ni ín, òun àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ West African Pictures Company. Àwọn ni wọ́n ni Regal, Royal àti Capitol pẹ̀lú. Ẹ kíyè sí ibi tí a kọ́ Rex sí. Èbúté Mẹ́tta ni àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ń gbé, àwọn tí ń gba owó ní òpin oṣù, tí wọ́n sì ní ìrọ̀lẹ́ tí kò sí oko láti lọ. Sinimá tẹ̀lé owó oṣù bí eṣinṣin ti í tẹ̀lé oyin, ó sì ń gbilẹ̀ bí ìlú ti ń gbilẹ̀. Lẹ́yìn ogun ńlá ti ọdún 1939 sí 1945, ó dé Mushin, ó dé Agége. Ìbàdàn náà sì ní Odeon àti Scala tirẹ̀.

Ẹni tí kò wọ ọ̀kan nínú wọn rí lè máa rò pé ààfin ni. Rárá o. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní òrùlé lórí àwọn ìjókòó tí owó wọn kéré. Bẹ́ǹṣì ni ó wà níwájú, lẹ́bàá aṣọ àwòrán gan-an, níbi tí ọrùn ti í máa dun ènìyàn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ àti àwọn ọmọ tí wọ́n sá wá ń jókòó sí. Àga gidi wà lẹ́yìn, lábẹ́ òrùlé, fún akọ̀wé àti ìyàwó rẹ̀. Bí òjò bá dé, àwọn ará iwájú a sá lọ bá àwọn ará ẹ̀yìn, a ó jùmọ̀ há ara wa mọ́ra, àwòrán a sì máa lọ.

Yàrá kékeré kan wà lókè lẹ́yìn tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde wá. Àwòrán tí a sọ pé ó ń rìn kì í rìn ní tòótọ́: àwòrán mẹ́rìnlélógún tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni ẹ̀rọ ń fi hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú wa ni ó sì ń so wọ́n pọ̀. Èyí tí a ká jọ sórí róòlù kan nígbà náà kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nítorí náà ẹ̀rọ méjì ni ó yẹ kí ilé sinimá ní, kí èkejì lè gbà á bí ti àkọ́kọ́ bá ti ń tán. Níbi tí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni, a ó dúró nínú òkùnkùn, ariwo a sọ, ẹ̀pà àti ìfé a sì máa fò. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yàrá náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ, nítorí fíìmù ayé ìgbà náà a máa gba iná bí ẹ̀tù.

Àwọn àwòrán akọni orí ẹṣin láti Amẹ́ríkà ni a kọ́kọ́ fẹ́ràn, lẹ́yìn wọn ni ti ilẹ̀ Íńdíà, tí àwọn ọmọ Mushin a máa kọ orin inú wọn láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ilé ìwé ìjọ kò fẹ́ràn èyí, a kò sì ní fi bò. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ sìgá mímu, ibẹ̀ ni ó ti ń jí owó ilé ìwé ná, ibẹ̀ ni jàgùdà ń ba sí. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi kún un pé gbọ̀ngàn sinimá àti ìjọ kò jìnnà sí ara wọn tó bí a ti ń rò. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1944, Hubert Ògúnǹdé ṣe eré orin rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí ó dá lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run. Ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté Mẹ́tta ni ó ṣe é fún, inú gbọ̀ngàn Glover, níbi tí sinimá ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀, ni a sì ti wò ó. Láti ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ eléré Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ káàkiri. Ní ìlú tí ilé sinimá bá wà, a yá a lọ́wọ́ onílé fún alẹ́ kan, aṣọ àwòrán a di aṣọ ìkélé.

Ní ọdún 1976 ni àwọn eléré wọ̀nyí fúnra wọn wá bọ́ sára aṣọ náà. Ọlá Balógun ni ó darí Àjàní Ògún, Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love sì wà nínú rẹ̀. Ògúnǹdé tẹ̀lé e pẹ̀lú Ayé ní ọdún 1979, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, sì gbé Ọ̀run Mooru jáde ní ọdún 1982. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Glover ní ọdún 1904 tún ṣẹlẹ̀: ará ilé rí ará ilé, wọ́n sì wọ́ wá. Nítorí ẹ̀dà fíìmù kò pọ̀, tí olè sì pọ̀, oní-eré fúnra rẹ̀ ni í gbé róòlù rẹ̀ láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, a jókòó ti ẹnu ọ̀nà, a ka àwọn tí ń wọlé, a sì gbé ẹrù rẹ̀ lọ ní òru. Ìgbà yìí ni ilé sinimá àdúgbò dára jù lójú tiwa. Ó sì ṣe ni láàánú pé ìgbà náà gan-an ni ikán ti wọ òpó rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀nà kan ni ikán náà gbà wọlé. Tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́rọ̀ díẹ̀ ni ó ní i. Owó epo rọ̀bì ni ó gbé e wọ ilé mẹ̀kúnnù. Òfin ọdún 1972 gba òwò ilé sinimá lọ́wọ́ àjèjì fún ọmọ ilẹ̀ yìí, èyí tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ilé kò gba okùn tí ń fa fíìmù tuntun wá láti òkè òkun. Lẹ́yìn náà ni fídíò dé. Àwọn olè da Ọ̀run Mooru kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á ní ìgboro kí ẹni tí ó ni ín tó rí owó rẹ̀ kó jọ, gbèsè sì wọ Bàbá Sàlá lọ́rùn. Ẹni tí ó ti pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín ni a wá ń káàánú.

Owó náírà ni ó ṣe ìyókù. Ní ọdún 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Ní ọdún 1987, lẹ́yìn tí ìjọba ti tú owó náà sílẹ̀ sí ọjà, náírà mẹ́rin ni a fi ń ra dọ́là kan. Dọ́là ni a sì fi ń ra fíìmù, òkè òkun ni a ti ń fọ̀ ọ́, òkè òkun ni gílóòbù àti ohun èlò ẹ̀rọ ti ń wá. Iná ń lọ, ó ń bọ̀. Àwọn adigunjalè sọ òru Èkó di ohun ẹ̀rù, sinimá kò sì ní ọjà mìíràn ju òru lọ. Nígbà tí Living in Bondage, tí a ṣe ní èdè Ìgbò, jáde nínú kásẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1992, tí ó sì tà gidigidi, ó hàn sí gbogbo oníṣòwò pé a lè ṣe fíìmù láìní fíìmù, kí a sì fi í han ènìyàn láìní gbọ̀ngàn.

Kí ni a ó wá fi gbọ̀ngàn ṣe? Àwọn kan di ilé ìkẹ́rùsí, a wó àwọn mìíràn fi kọ́ ilé ìtajà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì di ilé ìjọsìn. Àwọn kan a máa sọ èyí pẹ̀lú ẹ̀rín bí ẹni pé ìjọ ni ó pa sinimá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkú ni ìjọ bá nílẹ̀. Gbogbo ohun tí ìjọ tí ń dàgbà ń wá ni gbọ̀ngàn sinimá sì ti ní: àyè tí ó fẹ̀ tí òpó kò dí, ìjókòó tí ó kọjú sí ibi kan, ẹ̀bá ọ̀nà tí ọkọ̀ ń dúró sí, àti orúkọ tí gbogbo awakọ̀ mọ̀. Àwòrán pàápàá kò pẹ́ kí ó tó tẹ̀lé wọn wọlé. Ẹgbẹ́ Mount Zion tí Mike Bámilóyè dá sílẹ̀ ní ọdún 1985 ń ṣe eré ìwàásù tí a ń fi hàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ tí a kò jẹ́ kí wọ́n lọ wo sinimá rí sì ń wò ó lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú àwọn ìyá wọn.

Sinimá tuntun ti padà dé sí Èkó. A ṣí ti Silverbird ní Victoria Island ní ọdún 2004, ọ̀pọ̀ sì ti tẹ̀lé e nínú àwọn ilé ìtajà ńlá. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, fi The Figurine hàn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2009, kò sì ní láti ru róòlù kiri bí baba rẹ̀. A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé, tí ó jáde ní ọdún 2023, pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ, irú èyí tí fíìmù ilẹ̀ wa kankan kò tíì pa rí ṣáájú rẹ̀. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ẹni tí ó lè wọ ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù ni, àga rírọ̀ ni, ọlọ́kọ̀ ni a kọ́ ọ fún. Kò sí bẹ́ǹṣì iwájú níbẹ̀. Ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mushin kò lè rán ẹsẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú owó tí ó kù lápò rẹ̀.

Níbo ni òun ń lọ, nígbà náà? A rò pé a mọ̀ ọ́n. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Èkó, ilé kan wà tí a fi pákó àti páànù kọ́, tí a fi gẹ̀dẹ̀ kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méjì sára pátákó níwájú rẹ̀, pẹ̀lú aago tí wọn yóò pàdé. Owó táṣẹ́rẹ́ ni a ń san lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ǹṣì ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó jókòó níwájú ń gbé ọrùn sókè, ooru mú, a há ara wa mọ́ra, jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn ògiri. Bí iná bá kú, gbogbo ilé a pariwo mọ́ ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ, òun náà a sì sáré jáde bí ìgbà tí fíìmù bá já ní Rex. Àwọn olùkọ́ kò fẹ́ràn ibẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a kò bá gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan nínú àwọn onílé náà a máa fi fíìmù Yorùbá sí i.