Láti Ìjàpá dé Boxster: Ìtàn fáànù tó ń dúró de àṣẹ

Inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ra Boxster tókúnbọ̀, ti ọdún 1999. A jọ wà nínú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ọwọ́ aago tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí a bá rí ọ̀nà sáré, á sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá dúró, á tún gòkè. Mẹkáníìkì tan AC, fáànù ò yí, ó ní méjèèjì ti kú, ká lọ ra tuntun. Bàbá ríwáyà kan ló ní ká ṣe sùúrù. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná díẹ̀ sí i, ni fáànù bá hó gèè lójijì. Ó rẹ́rìn-ín: "Òkú kì í pariwo báyìí. Rẹsítọ̀ ló jó."

Àwọn òbí wa mọ ọkọ̀ tí à ń pè ní Ìjàpá dáadáa: Volkswagen tí Ferdinand Porsche ṣètò ní Jámánì ní àwọn ọdún 1930, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ l'Ékòó níbí ní 1975. Ìjàpá ò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára. Fáànù àti dáínámò wà lórí ọ̀pá kan náà, bẹ́líìtì kan ló ń yí wọn. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń yí, fáànù ń yí nìyẹn. Bí bẹ́líìtì bá já, dáínámò á dákẹ́, iná ìkìlọ̀ á tàn lójú awakọ̀.

Ferry, ọmọ Ferdinand, lo ẹ̀yà Volkswagen yìí láti ṣe ọkọ̀ 356 ní Gmünd, ní Austria, ní 1948. Wọ́n fi 911 hàn ní Frankfurt ní 1963. Afẹ́fẹ́ náà ni òun náà ń lò. (Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa pariwo 924 mọ́ mi, pé omi lòun ń lò láti 1976. Òótọ́ ni, àmọ́ 911 ni àwọn olólùfẹ́ Porsche fi ń búra.)

Kí ló wá yí i padà? Òfin lórí èéfín àti ariwo ń le sí i, ẹ́ńjìnì tó ní fáàfù mẹ́rin nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan sì máa ń gbóná jù fún afẹ́fẹ́ nìkan. Owó náà ò sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé. Wendelin Wiedeking di ọ̀gá, ó ké sí àwọn ará Japan tó mọ ọ̀nà iṣẹ́ Toyota. Boxster jáde ní 1996, 911 tuntun tẹ̀ lé e ní 1997. Omi ni méjèèjì ń lò, wọ́n sì jọ pín ẹ̀yà iwájú kí owó lè dín kù. Oṣù kẹta 1998 ni Ferry kú, ọdún kan náà tí wọ́n ṣe 911 aláfẹ́fẹ́ tó kẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni rẹsítọ̀ wa ti wọlé. Ẹ́ńjìnì Boxster wà lẹ́yìn ìjókòó, rédíétọ̀ wà níwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Fáànù wọn ò so mọ́ ẹ́ńjìnì mọ́, iná ló ń yí i, àṣẹ ló sì ń dúró dè. Kó lè yí jẹ́jẹ́, iná gbọ́dọ̀ gba inú rẹsítọ̀ kọjá. Apá kan agbára iná yẹn ni rẹsítọ̀ ń sọ di ooru, láàárín eruku àti omi òjò. Bó bá jó, iná ìkìlọ̀ kankan ò ní tàn. Eré ńlá fáànù ṣì ń ṣiṣẹ́, awakọ̀ á rò pé kò sí ewu. Lójú tèmi, Ìjàpá mọ́wọ́ ju èyí lọ.

Bàbá yọ táyà iwájú àti ike ẹ̀yìn rẹ̀, ó kó ewé gbígbẹ tó há sẹ́nu rédíétọ̀, ó so rẹsítọ̀ tuntun. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì, kó máa yí ṣáá bíi ti Ìjàpá. Bàbá kọ̀, ó ní mótò fáànù á tètè gbó. A tan AC, fáànù méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í yí jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká gba Third Mainland lọ sílé.