Aago Tó Ń Falẹ̀

Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, wọ́n gbá iwájú rẹ̀, wọ́n sì tan kọ̀ǹpútà. Tòkunbọ̀ ni, àpótí dúdú gàgàrà tó ń lo Windows 7. Microsoft ti pa Windows 7 tì láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020; ẹ̀gbọ́n mi ò pa á tì. Fáànù ń kùn. Ọ̀rọ̀ funfun yọ lójú dúdú pé ọjọ́ àti aago kò tọ̀nà, kí wọ́n tẹ F1. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àmì Windows yọ, iná wínníwínní mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í yí pọ̀, àfi wàì! Ojú rẹ̀ di búlúù, ó kú, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo fi débẹ̀ láago mẹ́jọ, ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án. Wọ́n ń kà á.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì kan ni, ojú ìwé 84, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ náà máa wá gbà á.

Aago mẹ́sàn-án. Ọmọkùnrin tó ń ta ṣájà fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yọjú. "Màmá, hard disk ti kú. Ẹ jẹ́ ká format ẹ̀." Kò tíì fọwọ́ kàn án o. Mo ti kíyè sí i pé bí kọ̀ǹpútà bá ti kọ̀ láti dìde, format ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa, bí ẹni tó fẹ́ wólé torí pé kọ́kọ́rọ́ sọnù.

"Format kẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kí n wá sọ kí ni fún ọmọ ọlọ́mọ?"

Aago mẹ́wàá, mo gbé àpótí náà lé itan lórí ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ ẹnjiníà ní òdìkejì ọjà.

Aago mọ́kànlá. Ẹnjiníà tú u. Eruku inú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìdajì kóńgò. Ó fẹ́ ẹ dànù, ó yọ RAM, ó fi rọ́bà ìpàwérẹ́ ọmọ iléèwé ha ẹnu rẹ̀, ó dá a padà. Búlúù náà ni. Ó wá yọ hard disk, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, gbogbo fáìlì sì ṣí kedere. Iṣẹ́ ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ dà kọ síbòmíràn kó tó ṣe ohunkóhun. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé ẹnjiníà gidi ni.

Bí ara disk bá yá, kí ló wá ń ṣe kọ̀ǹpútà? BIOS, ètò kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ, ló máa ń kọ́kọ́ jí. Yóò yẹ ara ẹ̀rọ wò, yóò ka báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí disk, yóò sì fa iṣẹ́ lé ẹni tó kàn lọ́wọ́ títí yóò fi kan Windows. A ti rí àmì Windows, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí òun gba iṣẹ́ ni nǹkan bàjẹ́.

Aago méjìlá kọjá díẹ̀, wọ́n mú iná lọ. A lọ jẹ iyán.

Aago méjì, iná dé. Ẹnjiníà tẹ F8, ó ní kí ẹ̀rọ má tún ara rẹ̀ tàn mọ́ bó bá ṣubú. Lọ́tẹ̀ yìí, búlúù náà dúró ká kà á: 0x0000007B. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Windows ò rí disk tí òun fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀ mọ́. Ó wọ inú BIOS. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀: 1 oṣù kìíní ọdún 2007.

Ó pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. "Màmá, ṣé aago ẹ̀rọ yìí ti ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ó ti tó oṣù kan! Àràárọ̀ ni mò ń tún un ṣe, kí rìsíìtì má baà gbé ọjọ́ àná jáde."

Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ bátìrì pẹlẹbẹ kan lórí bọ́ọ̀dù. CR2032 ni: fífẹ̀ rẹ̀ 20 mílímítà, nínípọn rẹ̀ 3.2, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Fólítì 3 ló yẹ kó gbé. Mítà ka 1.2.

Bátìrì yìí ló ń bá BIOS rántí aago àti ètò rẹ̀. Bí plọ́ọ̀gì bá wà lójú iná, bí wọ́n tilẹ̀ pa kọ̀ǹpútà, iná ìta ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, bátìrì ń sinmi. Bí iná bá lọ, òun nìkan ló kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, odindi ọjọ́ mẹ́ta lọjà wà lókùnkùn. Ẹ fi kún un pé ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń yọ plọ́ọ̀gì. Bátìrì kan náà nílùú tí iná kì í lọ, ọ̀lẹ ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

Nígbà tí bátìrì kú tán, BIOS gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ó padà sí bí wọ́n ṣe bí i. AHCI ni wọ́n bí i mọ́, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbà bá disk sọ̀rọ̀. Àmọ́ Windows XP ti ọdún 2001 kò gbọ́ AHCI, ẹnì kan tí a ò mọ̀ sì ti yí i sí IDE, ọ̀nà àtijọ́, nígbà tí XP wà lórí ẹ̀rọ náà. Ẹni tó wá fi Windows 7 rọ́pò bá a bẹ́ẹ̀, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Windows 7 gbọ́ AHCI o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ lórí IDE, á ti sé ilẹ̀kùn AHCI pa.

Aago mẹ́ta, mo ra bátìrì tuntun lọ́wọ́ bàbá tó ń tún aago ṣe lábẹ́ agbòòrùn. Owó rẹ̀ ò tó ti iyán tí mo jẹ. Ẹnjiníà fi í sí i, ó yí BIOS padà sí IDE, ó tún ọjọ́ ṣe, ó tẹ F10. Iná mẹ́rin yẹn yí pọ̀, wọn ò tú ká mọ́.

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ náà dé. Ìwé rẹ̀ ṣì ń gbóná láti inú ẹ̀rọ. Ó kà á, ó sanwó, ó ní ṣé wọn ò lè dín in kù ni.

Ẹnjiníà ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má yọ plọ́ọ̀gì lóru mọ́. Mo jíṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n pè é padà lójú ẹsẹ̀. "Bí iná bá wá dé lójijì lóru, tó pọ̀ lápọ̀jù, tó jó ẹ̀rọ ńkọ́? Ṣé ìwọ lo máa san án?" Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀ láago mẹ́fà, wọ́n ṣì wà lórí fóònù, wọ́n ń jiyàn ẹ̀.