Èdè Wo Ni Wọ́n Fi Dán Ọmọ Náà Wò?



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa níbí, ní Anthony, mú lẹ́tà kan wá bá mi. Ilé ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́fà náà ní ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, pé ọpọlọ rẹ̀ kò sì yá. Kí ni ẹ̀rí wọn? Ó ń pe "ch" bíi "sh", ó ń pe "v" bíi "f".

Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Yorùbá ò ní ìró méjèèjì yẹn. Ṣé ahọ́n àwọn tó sọ 'church' di ṣọ́ọ̀ṣì náà ló ní àrùn ni?" Mo wá bi í léèrè: èdè wo ni wọ́n fi dán an wò? Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá lọmọ náà ń sọ nílé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1905, Alfred Binet àti Théodore Simon gbé ìdánwò òye jáde ní ilẹ̀ Faransé, kí wọ́n lè mọ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ níléèwé. Binet fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi máàkì rẹ̀ ṣe àyànmọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n Henry Goddard gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1913, wọ́n fi ògbufọ̀ dán àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi wò ní Ellis Island, ó sì kéde pé ọpọlọ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò pé. Ohun tí wọ́n ṣe fún ìrànlọ́wọ́ ló di ìdájọ́ yẹn.

Nílé wa ńkọ́? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò wá àrùn kankan, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn wá pé èdè lè bo òye ọmọ mọ́lẹ̀.

Àmọ́ o, ẹ má torí èyí sọ pé "á sọ̀rọ̀ tó bá yá." Ìṣòro tòótọ́ máa ń hàn nínú gbogbo èdè tí ọmọ ń sọ. Ọmọ ọdún méjì tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tàbí tí a pe orúkọ rẹ̀ tí kò wẹ̀yìn, ẹ tètè gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yaba ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní Òṣòdì. Kò jìnnà sí wa.

Mo ti bá Màmá kọ èsì: kí wọ́n yẹ etí ọmọ náà wò, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá sì tún un dán wò. Torí tí wọ́n bá ti pe ọmọ ní olódo, orúkọ yẹn kì í tètè kúrò lára rẹ̀.